Àdúrà Ló Tẹ̀ Ẹ́ Dó: Ìwé Stanley Barrett Lórí Ayétòrò

Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 1977 ni ilé ìtẹ̀wé Wilfrid Laurier University Press ní Kánádà tẹ̀ ẹ́ jáde. Stanley R. Barrett, onímọ̀ nípa àṣà àti àwùjọ ẹ̀dá, ló kọ ọ́, ó sì pè é ní The Rise and Fall of an African Utopia: A Wealthy Theocracy in Comparative Perspective. Ìlú kan ṣoṣo ni ìwé náà dá lé lórí. Àwọn apẹja Ìlàjẹ kan tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nítorí ẹ̀sìn wọn ló tẹ ìlú ọ̀hún dó sí etí òkun ní 1947. Láàárín ọdún díẹ̀ ìlú náà là débi tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun, kó tó di pé nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yingin. Barrett fi orúkọ mìíràn bò ó láṣìírí. Olówó ló ń pè é jálẹ̀ ìwé. Àmọ́ ọmọ Ìlàjẹ kò ní ka ìwé náà jìnnà kó tó mọ̀ pé Ayétòrò, ìlú àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, ni ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Mo gbà pé àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí àwa tí a ń gbé láti Ajah títí dé Ìbèjú-Lẹ́kì padà sí ìwé yìí. Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté ńlá Lẹ́kì, èbúté tí omi rẹ̀ jìn tó nǹkan bí mítà 16.5. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ìlú títẹ̀dó là ń fojú ara wa wò yìí: wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń pín ilẹ̀, abúlé àwọn apẹja ń di àdúgbò àwọn tó ń fi mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Kò sì sí ẹni tó ní láti bi wá léèrè ohun tó fa èrò wá síbí. Ọjà ni, epo ni, owó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láyé àtijọ́. Ní 1863 ni Kòsọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé tí Palma àti Lẹ́kì fi bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, èbúté òwò sì ni ibi méjèèjì. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gaiser ti ìlú Hamburg gba ilẹ̀ Màhín lọ́wọ́ ọba ibẹ̀, Amàpetu, àsíá Jámánì fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó tún yọ̀ǹda rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nínú ọdún náà. Àwọn Ìlàjẹ tó ń dẹ àwọ̀n ní etí òkun wa níbí náà, oúnjẹ òòjọ́ ló gbé wọn dé. Nínú ìtàn etí omi bí irú èyí, ìlú tí a tẹ̀ dó nítorí kí ènìyàn lè ríbi gbàdúrà ṣọ̀wọ́n, ó sì yẹ kí a mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn akọ̀tàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń jà sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti yapa kúrò nínú ìjọ ọba, àwọn kan ní abúlé Scrooby yapa, wọ́n sì sá lọ sí ìlú Leiden ní Họ́láńdì. Ní 1620, díẹ̀ lára wọn wọ ọkọ̀ Mayflower pẹ̀lú àwọn mìíràn, àwọn èrò bí 102, wọ́n sì tẹ Plymouth dó. Nǹkan bí ìdajì wọn ló kú kí ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tó kọjá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, John Winthrop kó ọ̀pọ̀ èrò wá sí Massachusetts, ó ń fẹ́ àwùjọ tí gbogbo ayé yóò máa fi ṣe àwòkọ́ṣe ní ti ìgbọràn sí Ọlọ́run. Àwọn Kátólíìkì rí ibi forí pamọ́ sí ní Maryland ní 1634. William Penn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba ní 1681, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún àwọn Quaker àti ẹlẹ́sìn mìíràn. Àmọ́ Jamestown tó ṣáájú gbogbo wọn, ní 1607, ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò ló gbé e kalẹ̀. Àwọn èrò inú Mayflower pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹ̀sìn lé kúrò nílé, owó àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì fi sanwó ọkọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ẹ̀sìn ni gbòǹgbò Amẹ́ríkà, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé aṣọ lásán ni wọ́n fi ẹ̀sìn ṣe. Barrett gbé ìbéèrè yìí kan náà lọ sí etí òkun Ìlàjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kejì rẹ̀ ló dì mú jù: kí ló sọ ìlú ẹlẹ́sìn di ìlú olówó?

Ká tó gbé ìdáhùn rẹ̀ wò, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ìtàn náà díẹ̀. Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ló dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, kò sì pẹ́ tí iná àdúrà náà fi ràn dé àwọn abúlé orí omi. Láàárín àwọn tó gbà á ní Ìlàjẹ, àwọn kan wà tí tiwọn le ju ti ìyókù lọ. Ìtàn tí àwọn ará Ayétòrò fúnra wọn ń sọ ni pé àwọn baba àwọn wàásù tako pípa ìbejì, wọ́n sì kọ̀ láti bá ìlú dá sí ètùtù. Ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n wọ́ wọn lọ sílé ẹjọ́, gbígbé abúlé baba wọn wá di ìṣòro. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1947, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n lọ pàgọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dù, lórí ẹrẹ̀, láàárín òkun àti irà. Zacchaeus Òkènlá ni ọba wọn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti rin etí òkun wa yóò mọ̀ pé yanrìn ni ilẹ̀ láti Badagry títí kọjá Lẹ́kì, àmọ́ bí a bá ti ń wọ Ìlàjẹ, yanrìn á tán, ẹrẹ̀ á gbà á. Orí ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ri òpó sí, wọ́n kọ́ ilé lé òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì. Wọ́n ka orí kejì àti ìkẹrin nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, wọ́n sì ṣe bí wọ́n ṣe kà á. Àpò kan ṣoṣo ni ìlú ní. Ẹja tí ọkùnrin pa, àpò ìlú ló ń wọ̀. Oúnjẹ, aṣọ àti ilé, àpò ìlú ló ń pèsè wọn. Kò sí owó oṣù.

Ibi tí ìwé Barrett ti dára jù lọ ni ibi tó ti ṣàlàyé bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò fi ẹnu lásán yìn ín, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi hàn wá bí èrè ẹja ṣe di ọkọ̀ tó tóbi, tí ọkọ̀ tó tóbi di ẹja púpọ̀ sí i, tí èyí náà sì di ilé-iṣẹ́. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ abúlé Ìlàjẹ kò ní ju fìtílà lọ, Ayétòrò ti ní ẹ̀rọ amúnáwá. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ọ̀nà omi kí ọkọ̀ lè rí ààyè kọjá. Àwọn apẹja tí a lé kúrò nílé ló ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe òyìnbó. Barrett kọ́ wa láti rí i pé kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀: nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá mú èrè tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ sílé, tí a kò san owó iṣẹ́, tí a kò ná owó lórí ìyàwó púpọ̀ àti òkú ṣíṣe, owó á kù nílẹ̀, a ó sì fi ra ẹ̀rọ. Àwọn ọlọ́rọ̀ ajé ní orúkọ ńlá ńlá fún irú nǹkan báyìí, àmọ́ àlàyé Barrett ṣe tààrà, ó sì yé ẹni tí kò lọ sí yunifásítì.

Ọ̀nà tó gbà wádìí ọ̀rọ̀ náà tún yẹ fún ìyìn. Ó mú abúlé mìíràn ní etí omi kan náà, ó pè é ní Talika, ó fi ṣe alábàárìn Olówó nínú àfiwé rẹ̀. Apẹja ni wọ́n níbẹ̀, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, òkun kan náà ló ń fún wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n kálukú ló ń jẹ tirẹ̀. Olówó là, Talika kò là. Ìdájọ́ Barrett ni pé ipa tí àjọní kó nínú ọrọ̀ ìlú náà tóbi gan-an, àti pé a kò lè fi ẹ̀sìn nìkan ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn ará ìlú fúnra wọn, ní tiwọn, a máa sọ pé Ọlọ́run ni.

Ibí yìí ni èmi àti òǹkọ̀wé ti pínyà. Àfiwé náà lágbára, àmọ́ ó dúró ní ààbọ̀ ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé abúlé méjèèjì jọ ara wọn nínú ohun gbogbo àyàfi àpò kan ṣoṣo. Ìbéèrè tó kàn ni pé: kí ló dé tí àwọn ará Olówó gbà láti kó ẹja wọn sínú àpò kan, tí àwọn ará Talika kò sì gbà? Apẹja Ìlàjẹ mọ iye ẹja tó bọ́ sínú àwọ̀n rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ji ọjọ́ kan sùn, ó mọ ẹni tí kò jáde lójú omi. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè fi èrè òru rẹ̀ lé ọba lọ́wọ́ láìbéèrè ìpín, ohun kan ti ní láti yí i padà kí àpò náà tó wà rárá. Ohun náà ni àdúrà tí wọ́n jọ gbà nígbà tí wọ́n ń nà wọ́n, àti ìdánilójú pé àwọn ni Ọlọ́run yàn. Barrett ya ẹ̀sìn sí apá kan, ó ya àjọní sí apá kejì, ó wá gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n láti mọ èyí tó wúwo jù. Lójú àwọn tó tẹ ìlú dó, nǹkan kan náà ni. Àjọní ni ẹ̀sìn wọn nígbà tó bá wọ ilé ìdáná.

Bí Barrett bá ti fara balẹ̀ wo Plymouth dáadáa ni, ó ṣeé ṣe kí èyí hàn sí i. Àkọlé ìwé rẹ̀ ṣèlérí àfiwé, ó sì ṣe àfiwé lóòótọ́, àmọ́ èyí tó wúlò jù fún ìbéèrè rẹ̀ wà ní Plymouth. Àpò kan náà ni àwọn ará Plymouth fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kórè tàbí tí wọ́n bá tà, inú àpò àjọní ló ń lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ló bí ètò wọn. Àdéhùn ọdún méje tí wọ́n bá àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù ṣe ló bí i, kí èrè lè wà láti pín. Kò pẹ́ tí ìkùnsínú fi wọ ọ̀rọ̀ náà: ọ̀dọ́ tó lágbára ń ráhùn pé òun ń ṣiṣẹ́ fún ìyàwó àti ọmọ ẹlòmíràn. Ní 1623, Gómìnà William Bradford pín oko àgbàdo fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn náà. Ọdún mẹ́ta péré! Ayétòrò lo àpò kan fún nǹkan bí ìran kan. Ẹlẹ́sìn ni àwọn tó léwájú ní ibi méjèèjì, a ti ṣe inúnibíni sí wọn ní ibi méjèèjì, ebi sì mọ ojú àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Plymouth, oníṣòwò ló ni kí wọ́n pa àpò pọ̀. Ní Ayétòrò, ìgbàgbọ́ wọn ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àjọní nìkan bá tó láti sọ ìlú di ọlọ́rọ̀, kò yẹ kí ti Plymouth tètè túká.

Èyí kò sọ pé kí a gba ohun tí àwọn ará ìlú sọ bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbàgbọ́ láìsí àpò, àwọn ìjọ Aládùúrà tó kún Èkó mọ́lẹ̀ ní i, wọn kò sì di Ayétòrò. Barrett tọ̀nà nígbà tó kọ̀ láti fi orúkọ Ọlọ́run parí ìwádìí. Ibi tó ti ṣìnà díẹ̀ ni pé ó lo ẹ̀sìn bí epo tí a rọ sínú ẹ̀rọ, tí a kò tún ní wò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dìde. Orí tó kọ lórí ìgbàgbọ́ wúlò, àmọ́ ó gbẹ. Ó ń ka ohun tí wọ́n gbà gbọ́ fún wa. Kò jẹ́ kí a rí ìdí tí ènìyàn yóò fi kú nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdílé ló jẹ́ kí n tún fẹ́ràn ìwé náà padà. Kò sí ibòmíràn tí Barrett ti gbọ́n tó ibí yìí. Ó rí i pé ohun tó le jù nínú Ayétòrò kì í ṣe àpò owó, ọkàn òbí ni. Àwọn olórí ìlú gbìyànjú láti dín agbára ìgbéyàwó àti agbo ilé kù, kí ènìyàn má bàa fẹ́ràn ọmọ tirẹ̀ ju ọmọ ìlú lọ. Ní àkókò kan, ọkùnrin ń gbé lọ́tọ̀, obìnrin ń gbé lọ́tọ̀. Ẹni tó bá mọ Yorùbá yóò mọ bí èyí ti wúwo tó. Agbo ilé ni wọ́n ti ń pín ogún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin baba sí. Ìlú tó bá fẹ́ rọ́pò agbo ilé gbọ́dọ̀ di baba fún gbogbo ènìyàn. Barrett fi sùúrù tọpasẹ̀ bí okùn ìdílé yẹn ṣe tún padà le: bí ìran kejì ṣe dàgbà, tí ìgbóná ẹ̀sìn rọ̀, tí òwò aládàáni gba ipò àjọní, tí ìyá tún di ìyá fún ọmọ tirẹ̀. Ó rí i pé ohun mẹ́ta yìí jọ ń lọ ni: ẹ̀sìn, àpò àti ìdílé. Ó yà mí lẹ́nu pé òun tó rí bí wọ́n ṣe jọ tú ká kò fi bẹ́ẹ̀ rí bí wọ́n ṣe jọ so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ òmìnira. Àwọn tó sá fún inúnibíni ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí agbára dé ọwọ́ wọn ní Massachusetts, wọn kò fàyè gba ẹlòmíràn. Ilé ẹjọ́ wọn lé Roger Williams jáde ní 1635 nítorí ó ní ìjọba kò gbọdọ̀ dá sí ẹ̀rí ọkàn ènìyàn. Òun ló lọ tẹ Providence dó ní 1636. Ní 1660, wọ́n so Mary Dyer rọ̀ ní Boston nítorí pé ó jẹ́ Quaker, ó sì kọ̀ láti jìnnà sí ìlú wọn. Ibi ìsìn tiwọn ni wọ́n wá, wọn kò wá ibi tí gbogbo ẹ̀sìn yóò ti simi. Ayétòrò kò so ẹnikẹ́ni rọ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ketekete. Ṣùgbọ́n ìlú tí ọ̀rọ̀ ọba jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí ọba sì ni olórí ìjọ, olórí ilé-iṣẹ́ àti olùpamọ́ àpò, ibo ni ẹni tó bá ní èrò mìíràn yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ? Barrett fọwọ́ kan èyí nígbà tó ń sọ nípa agbára ọba àti àwọn àgbà tó yí i ká, ó sì fi hàn pé àjọní kò pa ipò ńlá àti ipò kékeré rẹ́. Mo fẹ́ kó wọ inú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A gbọ́ ohùn àwọn tó dúró. Àwọn tó kó ẹrù wọn sọ́kọ̀, tí wọ́n lọ, mélòó nínú wọn ni a gbọ́ tiwọn? Kò ṣeé ṣe kí ìwádìí lórí ìlú tí ẹ̀sìn ń ṣàkóso pé bí a kò bá tẹ̀lé àwọn tó jáde nínú rẹ̀ dé ibi tí wọ́n lọ, ìyẹn Ṣàpẹ́lẹ̀, Wàrì, Èkó, àní Ajah níbí.

Mo ní ẹ̀sùn kan sí i tó wà lọ́kàn mi gan-an, ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Mo mọ̀ pé àṣà àwọn onímọ̀ bíi tirẹ̀ láyé ọjọ́ náà ni láti fi orúkọ pa mọ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa kó bá àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó dára bẹ́ẹ̀. Nípa ìlú tí ìwé ìròyìn ti kọ̀wé lé lórí, tí àwọn àlejò ti ń lọ wò, tí ọ̀mọ̀wé mìíràn bíi E. M. McClelland sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1966 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, àṣírí wo ló kù? Ohun tó yọrí sí ni pé ọmọ Ayétòrò tó bá ń wá ìtàn ìlú rẹ̀ nínú ilé ìkàwé lè kọjá lára ìwé tó kún jù lọ nípa baba rẹ̀ láìmọ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n torí orúkọ Ọlọ́run fi orúkọ abúlé wọn sílẹ̀, tí wọ́n wá fún ilé tuntun wọn ní orúkọ tó jẹ́ àdúrà, kò yẹ kí a tún gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ wọn nínú ìwé. Orúkọ tí ó sì fi rọ́pò rẹ̀ ti dá ẹjọ́ kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Olówó: owó ni òǹkọ̀wé ti gbé síwájú kí òǹkàwé tó mọ̀ pé àdúrà wà.

Àkọlé náà ń jẹ́ kí n ronú. Ìṣubú tí Barrett kọ nípa rẹ̀ ní 1977 jẹ́ ìṣubú ètò kan, kì í ṣe ti ìlú. Ìlú wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé jáde. Ọba ń jẹ lẹ́yìn ọba, wọ́n sì ń ṣe ọdún ìrántí ìtẹ̀dó wọn. Òkun ló wá dé lẹ́yìn náà. Láti bí ogún ọdún ó lé ni omi ti ń gbé Ayétòrò mì díẹ̀díẹ̀, ilé gbígbé, ilé-iṣẹ́ àti ibi ìsìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ṣí kúrò léraléra. NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde níbẹ̀ láàárín ọdún 2000 sí 2010, iṣẹ́ náà kò sì yọrí. Ní èbúté Lẹ́kì, wọ́n kó òkúta ńlá ńlá sínú òkun láti dá ìgbì dúró kí ọkọ̀ lè simi. Ayétòrò tó jẹ́ ẹrẹ̀, tí kò ní yanrìn tí yóò fi dábòòbò ara rẹ̀, kò rí irú rẹ̀. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá ń rò ó. Owó tó bá fẹ́ dá òkun dúró fún ọjà a máa jáde. Èyí tí yóò dá a dúró fún àwọn apẹja tó ń gbàdúrà ni a kò tí ì rí. Ẹni tó bá ka Barrett yóò mọ ohun tó ń bọ́ sómi gan-an, nítorí kì í ṣe ilé lásán ni.

Ṣé kí a ṣì ka ìwé náà? Bẹ́ẹ̀ ni, kí a kà á pẹ̀lú ìtara. Kò sí ìwé mìíràn tí mo mọ̀ tó fi ìṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kọ bí ìlú Yorùbá kan ṣe fi ìgbàgbọ́ kọ́ ilé-iṣẹ́. Èdè rẹ̀ kò nira, ìṣirò rẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé, kò sì purọ́ fún àwọn tó gbà á lálejò láti mú inú wọn dùn. Èmi yóò fẹ́ kó wà ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ Ayétòrò lára èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì kà á ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní etí omi láti Ìgbòkòdá títí dé Ẹ̀pẹ́.

Ó sì ku iṣẹ́ kan tí Barrett kò lè ṣe, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pátápátá: àwọn obìnrin. Ọkùnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin ló ń pẹja, ọkùnrin ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ọba. Ta ló wá ń se oúnjẹ gbogbo ìlú nínú ilé ìdáná àjọní? Ìyá wo ló gbà kí ọmọ rẹ̀ máa sùn níbòmíràn, kí ló sì sọ fún ara rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà? Ètò àjọní lè jẹ́ òmìnira fún obìnrin tí kò ní láti ṣe orogún mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì san owó lórí rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ ìdè mìíràn. Ìwé náà kò jẹ́ kí a mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní 1947 ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Díẹ̀ lára wọn ṣì wà ní Ayétòrò, àwọn mìíràn ti tẹ̀lé ọmọ wọn wá sí Èkó, wọ́n ń gbé láàárín wa ní Ajah àti Ìbèjú. Akọ̀ròyìn tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbọ́ Ìlàjẹ lè jókòó tì wọ́n lọ́dún yìí, kó sì gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀.